Ta ló ń gbé nínú àwọn ìlú olókùúta ilẹ̀ Spéìn?

Fídíò kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló jù ú sórí WhatsApp ẹbí wa. Ìlú kékeré kan ni, odi òkúta yí i ká, ilé olódi gíga kan dúró sẹ́nu ibodè bí ọlọ́dẹ, omi sì gbá a mọ́ra lọ́nà mẹ́ta. Ilé wà níbẹ̀, òpópónà wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Èèyàn ni kò sí. Gbólóhùn tó wà lábẹ́ fídíò náà kò ju pé Spéìn nìyí, àti pé títà ni wọ́n ń ta gbogbo ìlú náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò ti di àríyànjiyàn. Bọ̀dá wa àgbà ní àjàkálẹ̀ àrùn ló pa wọ́n tán láyé àtijọ́. Àǹtí mi ní Ìbàdàn ní irọ́ ni, pé àwọn tó ń ṣe fíìmù ló kọ́ ọ. Ẹnìkan ti gbọ́ pé ìjọba ń sanwó fún ẹni tó bá gbà láti lọ máa gbé ibẹ̀. Ẹlòmíì ti ń ṣírò iye tí olúkúlùkù máa dá ká lè rà á.

Ìdáhùn kan ṣoṣo kò lè kárí gbogbo èyí, torí oríṣiríṣi ìlú tí ìtàn wọn kò jọra ni wọ́n dà pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ ká ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá yá, màá padà sórí ìlú inú fídíò náà, torí mo mọ orúkọ rẹ̀.

## Abúlé ni, àbí ìlú?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbọ́ jù ní Spéìn ni pueblo. Bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí abúlé fún yín, wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ tán. Pueblo ni ibi tí baba ẹni ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tí wọ́n bí sí Madrid, tó dàgbà sí Madrid, tó ń ṣiṣẹ́ ní Madrid, á ṣì sọ fún yín nínú oṣù kẹjọ pé òun ń lọ sí pueblo òun. Ilé ìyá rẹ̀ àgbà ló ń lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó, tó ní òun ń relé fún Ojúde Ọba, kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ìyẹn sọ fún un.

Láyé àwọn ọba àtijọ́, ìwé ọba ló ń sọ ohun tí ibì kan jẹ́. Aldea ni abúlé tó wà lábẹ́ ìlú mìíràn. Villa ni ìlú tí ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀: ó lè ná ọjà, ó lè dá ẹjọ́, ó lè mọ odi yí ara rẹ̀ ká. Ciudad ló ga jù, oyè sì ni, kò ní í ṣe pẹ̀lú iye èèyàn. Ìdí nìyẹn tí Frías, ní agbègbè Burgos, tí àwọn ará ibẹ̀ kò tó 300, fi ń jẹ́ ciudad dòní. Ọba Juan Kejì ló fi oyè náà dá wọn lọ́lá ní 1435, kò sì sẹ́ni tó gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rọ̀ sétí àpáta bí ẹni fẹ́ já bọ́. Wọn ò já bọ́ láti ọjọ́ yìí.

Orúkọ náà máa ń tan àlejò jẹ. Àpẹẹrẹ tí àwọn ará Spéìn fúnra wọn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni Santillana del Mar, ní agbègbè Cantabria. Wọ́n ní irọ́ mẹ́ta ló wà nínú orúkọ ìlú kan ṣoṣo: santa ni mímọ́, ìlú náà kì í ṣe ẹni mímọ́; llana ni ilẹ̀ tó tẹ́jú, ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú; mar ni òkun, òkun kò sì sí níbẹ̀. Orúkọ Juliana Mímọ́, tí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ìlú náà wà fún, ni ẹnu èèyàn lọ̀ títí tó fi di Santillana.

## Kí ló gbé wọn gun orí àpáta?

Ogun ni. Ní 711, ọmọ ogun Lárúbáwá àti Berber ti Mòrókò sọdá òkun tóóró tó pààlà láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù. Tariq ibn Ziyad ló ṣáájú wọn, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára àpáta Gibraltar títí dòní: Jabal Tariq, Òkè Tariq. Láàárín ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ náà ti bọ́ sábẹ́ àwọn Mùsùlùmí. Àwọn ọba Kìrìsìtẹ́nì tó ṣẹ́ kù sápá àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gba Toledo ní 1085. Nígbà tó di ọdún kejì, àwọn Almoravid, tí wọ́n dìde láti aṣálẹ̀ Sàhárà, sọdá lọ bá wọn jà, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Fà-á-kí-n-fà-á yìí kò parí títí di 1492, tí Granada bọ́ sọ́wọ́ Ọba Fernando àti Ọbabìnrin Isabel.

Ẹ wá ro ti àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì. Ààlà ń rìn. Ọba Kìrìsìtẹ́nì ló lè máa gbowó orí lọ́wọ́ bàbá, kí ọmọ dàgbà bá ọba Mùsùlùmí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ẹlẹ́ṣin lè yọ láti ibikíbi, wọ́n á kó ẹran, wọ́n á kó ọkà, wọ́n á kó èèyàn. Ohun tó gbé Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ náà ló gbé àwọn wọ̀nyí gun orí àpáta: kí èèyàn lè rí ọ̀tá lókèèrè, kí ẹsẹ̀ ẹṣin ọ̀tá sì yọ̀ bó bá ń gòkè. Àwọn ìlú tí orúkọ wọn parí sí de la Frontera, bí Arcos de la Frontera, Vejer de la Frontera àti Jimena de la Frontera, ààlà gan-an ni wọ́n fi ń jórúkọ. Frontera ni ààlà. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Castilla, ìjọba Kìrìsìtẹ́nì, ti ń wo ojú ilẹ̀ Granada, ìjọba Mùsùlùmí.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn ni Albarracín, ní agbègbè Teruel. Ìdílé Berber kan, àwọn Banu Razin, ló jọba níbẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ńlá àwọn Mùsùlùmí ti fọ́ sí wẹ́wẹ́; orúkọ wọn ni ìlú náà ń jẹ́. Lẹ́yìn wọn, ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Kìrìsìtẹ́nì kan, àwọn Azagra, tí wọn ò fẹ́ sin ọba kankan. Ìlú yìí tí èèyàn inú rẹ̀ lónìí kò ju nǹkan bí 1,000 lọ gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ bí orílẹ̀-èdè láàárín Castilla àti Aragón, ìjọba Kìrìsìtẹ́nì mìíràn, àfìgbà tí ọba Aragón sàga tì í ní 1284. Ẹni tó bá rí odi rẹ̀, tó gun òkè lọ bí ejò láti ẹ̀yìn ilé títí dé ṣóńṣó, á mọ ohun tó fún wọn láyà.

Pupa ni gbogbo ilé Albarracín, pupa bí erùpẹ̀ ọ̀nà oko. Òkúta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń sun nínú iná, tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri. Igi ni wọ́n fi ṣe egungun ilé. Ilé kan á fẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀, á tún fẹ̀ sí i lókè, títí òrùlé ilé méjì tó kọjú síra yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbára wọn létí lórí àwọn tó ń kọjá. Ilẹ̀ ni kò sí, nítorí odi. Wọ́n wá ń wá àyè lójú ọ̀run. Ní Setenil de las Bodegas, ní apá gúúsù, abẹ́ àpáta ni wọ́n wá a sí. Òkúta tí Ọlọ́run gbé síbẹ̀ ni òrùlé, iwájú ilé nìkan ni wọ́n mọ.

## Kí ló dé tí orúkọ wọn jọ ti Lárúbáwá?

Torí Lárúbáwá ni. A ò gbọ́dọ̀ yára kọjá ibí yìí, torí àwa gan-an la lè gbọ́ ọ ju ọ̀pọ̀ àlejò lọ. Ẹ wo àlùbọ́sà, àlùbáríkà, àlàáfíà, Àlùkùráánì: "al" tó wà níwájú wọn ni Lárúbáwá fi ń dárúkọ ohun kan pàtó. Al kan náà ló kún inú èdè Spéìn. Alcalá tí ẹ ó rí lára àwòrán ojú ọ̀nà jákèjádò ilẹ̀ náà, ilé olódi ni. Medina tó wà nínú Medinaceli, ìlú ni, bíi ti Mẹ̀dínà tí àwọn Alhájì ń lọ.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni alcalde. Òun ni wọ́n ń pe olórí ìjọba ìbílẹ̀ ní gbogbo Spéìn, títí kan abúlé tó kéré jù. Al-qāḍī ni, adájọ́. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yẹn náà ló gba ọ̀dọ̀ Hausa kọjá, tó di alkálì tí àwọn ará Ìlọrin mọ̀ dáadáa. Ọmọ Ìlọrin lè lọ kí alcalde abúlé kan ní Spéìn, kí àwọn méjèèjì má mọ̀ pé orúkọ kan náà làwọn ń pè.

Àwọn Júù náà gbé ibẹ̀ títí tí àṣẹ ọba fi lé wọn jáde ní 1492. Àdúgbò wọn ni wọ́n ń pè ní judería. Ti Hervás, ní agbègbè Cáceres, ṣì wà pẹ̀lú ilé onígi àti amọ̀ rẹ̀.

## Ta ló gbà láti lọ máa gbé irú ibi bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè tí àwọn ọba fúnra wọn bi ara wọn nìyẹn. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ lógun tí kò rí èèyàn fi síbẹ̀, ọ̀tá á tún gbà á padà. Nítorí náà, wọ́n ń fi òmìnira fa èèyàn. Ìwé àdéhùn tí ọba ń fún àwọn tó bá wá tẹ̀dó ni fuero: ẹ ó ní ilẹ̀, owó orí tí ẹ ó san á dín kù, ẹ ó máa yan adájọ́ yín láàárín ara yín. Fuero ti ìlú Sepúlveda, tí Ọba Alfonso Kẹfà fọwọ́ sí ní 1076, tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ; ó dáàbò bo ẹni tó bá ṣẹ̀ níbòmíì tó sá wá síbẹ̀. Ẹ lè rí i pé àwọn tó tẹ àwọn ìlú rírẹwà yìí dó, kì í ṣe gbogbo wọn ni èèyàn á fẹ́ kí wọ́n jẹ́ àna òun.

## Níbo lowó ilé ńláńlá wọ̀nyẹn ti wá?

Ogun lè mọ odi, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ilé alágbàlá pẹ̀lú àmì ìdílé tí wọ́n gbẹ́ sórí ilẹ̀kùn. Ní ìlú bíi Pedraza àti Sepúlveda, irun àgùntàn ló kọ́ ọ. Ní 1273, Ọba Alfonso Kẹwàá fún ẹgbẹ́ àwọn darandaran ní ìwé àṣẹ. Mesta ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń da àgùntàn láti àríwá lọ sí gúúsù nígbà òtútù, wọ́n ń dà wọ́n padà nígbà tí oòrùn bá mú, lójú ọ̀nà tí òfin pa láṣẹ kó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 75. Àgbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ro ojú ọ̀nà náà. Ẹni tó bá mọ ìjà àgbẹ̀ àti darandaran nílẹ̀ wa á mọ bí inú àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe máa ń rí; ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọba ti darandaran lẹ́yìn, torí owó orí irun àgùntàn ń wọ àpò rẹ̀. Ó tó 1836 kí wọ́n tó tú ẹgbẹ́ náà ká. Láti 1994, wọ́n máa ń da àgùntàn gba àárín Madrid kọjá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ìkórè, kí ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà yẹn má bàa parẹ́.

Owó kejì wá láti òkè òkun. Trujillo ní Extremadura ni Francisco Pizarro ti wá, ẹni tó kó ogun wọ Peru. Ère rẹ̀ lórí ẹṣin ló wà láàárín ìta gbangba ìlú náà, àwọn ààfin tí wúrà Peru kọ́ sì yí ìta náà ká.

Ẹ̀kẹta kàn wá gan-an. Bí ẹ bá dé àwọn ìlú etí òkun àríwá, ní Cantabria àti Asturias, ẹ ó rí ilé ńlá kan tí ọ̀pẹ dúró níwájú rẹ̀, nínú òjò àti òtútù tí kò bá ọ̀pẹ lára mu. Ilé indiano nìyẹn: ọmọ tálákà tó lọ sí Amẹ́ríkà, pàápàá Cuba, tó lówó, tó padà wá fi han ará ilé. Ọ̀pẹ náà ni àmì pé ó ti dé ilẹ̀ olóoru. Ní Comillas, tí kò jìnnà sí Santillana, ẹ ó rí ààfin Sobrellano tí wọ́n kọ́ fún Antonio López, Marqués de Comillas kìíní. Cuba ló ti lówó. Àwọn èèyàn ti fi ẹ̀sùn òwò ẹrú kàn án láti ìgbà láéláé, nítorí rẹ̀ sì ni wọ́n fi gbé ère rẹ̀ kúrò ní ìta gbangba Barcelona ní 2018. Láàárín àwọn ọdún tí òwò náà gbóná jù ní Cuba ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun sì ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí etíkun. Àwọn la wá ń pè ní Lukumí níbẹ̀. Oko ẹrú kò parí ní Cuba títí di 1886. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ wo ààfin náà. Ó dára, Gaudí pàápàá, olókìkí ayàwòrán ilé, kọ́ ilé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì tó lówó ní Cuba. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò.

## Kí ló dé tí wọn ò fi wó o kọ́ tuntun?

Ibi tí àwọn fídíò kì í dé nìyí, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìlú tó bá lówó kì í fi ilé ẹgbẹ̀ta ọdún sílẹ̀. Barcelona náà ní odi. Èèyàn pọ̀, iṣẹ́ pọ̀, odi wá há wọn mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó o ní 1854. Lọ́dọ̀ àwọn ìlú tí à ń sọ yìí, òwò irun àgùntàn ti kú, ojú irin kò gba ibẹ̀, ilé iṣẹ́ kò débẹ̀. Kò sẹ́ni tó lówó tó fi máa wó ilé baba rẹ̀. Ohun tí à ń ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, àìlówó ló fi í sílẹ̀ fún wa.

Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn lọ. Láti nǹkan bí 1950 sí 1975, tàrákítà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbàṣe, Madrid, Barcelona àti Bilbao sì ń wá òṣìṣẹ́. Àwọn kan kọjá lọ sí Faransé, Jámánì àti Switzerland. Ọ̀dọ́ ló ń kọ́kọ́ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ á tì nítorí kò sọ́mọ. Bọ́ọ̀sì á dín kù nítorí kò sérò. Dókítà á máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn tó kù náà á wá di ẹrù wọn. Kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn, Bọ̀dá. Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Spéìn lé ní 8,000, nǹkan bí 5,000 nínú wọn ni èèyàn inú wọn kò pé 1,000. Ní agbègbè Teruel, bí wọ́n bá pín èèyàn ká orí ilẹ̀, nǹkan bí ẹni mẹ́sàn-án ló máa kan kìlómítà kan níbùú lóròó.

Wọ́n ń pe àwọn agbègbè yìí ní España vacía, Spéìn tó ṣófo. Àwọn ará ibẹ̀ kọ̀ ọ́. España vaciada ni wọ́n ní kí wọ́n máa pe àwọn: Spéìn tí wọ́n kó ṣófo. Ilé tó ṣófo yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n kó; èkejì ní olè nínú. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2019, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wọ́ lọ sí Madrid láti béèrè dókítà, ojú irin àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ kan láti Teruel, tó ń jẹ́ Teruel Existe, ìyẹn "Teruel wà láyé", gba ìjókòó kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún yẹn kan náà.

Torí náà, èèyàn ń gbé ibẹ̀, àgbà ló pọ̀ jù. Òpin ọ̀sẹ̀ ni àwọn onílé láti ìlú ńlá ń dé. Nínú oṣù kẹjọ, ọmọ àti ọmọ-ọmọ á kún ilé fún ọdún ẹni mímọ́ ìlú, ìlù á máa dún mọ́jú, ẹ ò ní mọ̀ pé ibẹ̀ náà ni ẹ dé lóṣù kejì tí ẹ ò rí ju ológbò lọ.

## Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń ta ìlú?

Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ẹ rò. Ìròyìn tó tàn ká ayé ní 2022, pé wọ́n ń ta odidi abúlé ní €260,000, Salto de Castro ni, ní agbègbè Zamora, nítòsí ààlà Pọtugí. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1950 fún àwọn tó ń ṣe dáàmù. Ó ní ilé 44, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ àti bárékè ọlọ́pàá. Iṣẹ́ dáàmù parí, wọ́n kó lọ. Kò sí ọba kankan nínú ìtàn rẹ̀.

Ti àǹtí mi náà kò ṣàìní òótọ́ díẹ̀. Ìlú àfarawé kan wà: Poble Espanyol ní Barcelona, tí wọ́n kọ́ fún ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1929, tí wọ́n fi ilé ayédèrú láti gbogbo agbègbè Spéìn kún inú rẹ̀. Owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Albarracín tàbí Frías kì í gba kọ́bọ̀ kí ẹ tó wọ inú ìlú. Ìgboro èèyàn ni.

## Bí èèyàn bá fẹ́ lọ ńkọ́?

Físà ni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání nílò físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ì báà jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé tó sì ní ìwé ìgbélùú ibẹ̀. Èyí ti ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó mú ti Bìrìtìkó kò nílò físà fún ìbẹ̀wò, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180.

Ọkọ̀ ló kàn. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí ọfà, ìlú ńlá ló ń lọ. Láti ibẹ̀ dé pueblo, bọ́ọ̀sì lè jẹ́ ẹyọ kan lójúmọ́, ọjọ́ Àìkú sì lè máà sí rárá. Ẹ yá mọ́tò, ẹ gbé e sẹ́yìn odi, kí ẹ fẹsẹ̀ wọlé. Ojú ọ̀nà inú odi, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n là á fún.

Ẹ má gbà pé ìlú ti kú bí ẹ bá débẹ̀ láago mẹ́ta ọ̀sán. Ṣọ́ọ̀bù máa ń tì láàárín aago méjì sí márùn-ún; àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni, wọn ò sì fi í ṣeré. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ ilé àkójọ ohun àtijọ́ ń sinmi. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá tì, ẹ bèèrè: lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá àgbà kan ládùúgbò ló mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ẹ kí wọn kí ẹ tó bèèrè, buenos días láàárọ̀, buenas tardes lọ́sàn-án. Ní Madrid, ẹni tó ń kí gbogbo èrò ọ̀nà jọ wèrè. Ní pueblo, ẹni tí kò kí ni wọ́n máa bojú wò lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí ìyá wa ti tọ́ wa dàgbà, kò yẹ kí èyí le fún wa.

Oúnjẹ ibẹ̀ dára. Ní Pedraza àti Sepúlveda, ọmọ àgùntàn tí wọ́n yan nínú ààrò onígi ni wọ́n fi ń ṣògo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀wà. Ẹlẹ́dẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹ̀wà wọn bí iyọ̀. Gbólóhùn tí ẹ máa lò ni sin cerdo, láìsí ẹlẹ́dẹ̀.

Fún ibùsùn, casa rural ni ilé ìgbàlejò inú abúlé, ó sì máa ń tura. Bí owó bá wà, ẹ wo Parador: hòtẹ́ẹ̀lì ìjọba ni, èyí àkọ́kọ́ ṣí ní 1928, ọ̀pọ̀ wọn sì wà nínú ilé olódi, ààfin tàbí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn àtijọ́. Trujillo ní ọ̀kan, Santillana náà ní.

Ìgbà tó dára jù ni oṣù karùn-ún tàbí ìparí oṣù kẹsàn-án. Àwọn ará Castilla fúnra wọn ń sọ pé oṣù mẹ́sàn-án òtútù àti oṣù mẹ́ta ọ̀run àpáàdì ni ọdún àwọn. Bí ẹ bá lè fara da èrò, Sátidé méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù keje, Pedraza máa ń pa iná ìlú, wọ́n á sì tan àbẹ́là ní ojú fèrèsé àti ojú ọ̀nà gbogbo. Ibodè kan ṣoṣo ni Pedraza ní. Ẹ tètè débẹ̀. Èmi yóò kúkú yan Urueña, nítòsí Valladolid, ìlú olódi tí kò ju nǹkan bí igba èèyàn lọ, tí wọ́n sọ di ìlú ìwé ní 2007. Ilé ìtàwé ibẹ̀ pọ̀ ju ilé ọtí lọ, ohun tí mi ò tíì rí níbòmíì.

## Ìlú inú fídíò náà wá ńkọ́?

Granadilla ni, ní àríwá Cáceres. Àwọn Mùsùlùmí ló tẹ̀ ẹ́ dó, odi wọn ló ṣì yí i ká. Kì í ṣe àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe àwọn onífíìmù ló kọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó ń tà á. Ìjọba Franco, apàṣẹwàá tó ń ṣàkóso Spéìn nígbà náà, ló fẹ́ ṣe dáàmù sórí odò Alagón. Ní 1955, wọ́n pàṣẹ pé omi máa bo ìlú náà, kí gbogbo èèyàn kó jáde. Oko ló kọ́kọ́ rì, oúnjẹ tán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní agboolé kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó fi máa di 1964, ẹni ìkẹyìn ti lọ.

Omi náà dé ẹsẹ̀ odi, ó dúró. Kò wọ inú ìlú. Kò tíì wọ̀ ọ́ dòní. Ṣùgbọ́n àṣẹ ti jáde, wọn ò sì dá ilé padà fún onílé. Láti 1984, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti ibi púpọ̀, wọ́n ń tún ògiri mọ, wọ́n ń kun ojú ilé, wọ́n á sì padà sílé wọn. Òun ló jẹ́ kó mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀ nínú fídíò.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn ọmọ Granadilla máa ń padà wá: ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọjọ́ ọdún Màríà, àti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ọjọ́ gbogbo ẹni mímọ́. Wọ́n á fi ilé han ọmọ-ọmọ wọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jáde, olùṣọ́ á sì ti ibodè.